Ẹsẹ̀ Ọmọ Tí Kò Tíì Rìn

Ẹsẹ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé ni mo kọ́kọ́ rí, ẹnu ọ̀nà ló sì kọjú sí.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá yanrìn, mo fi ọwọ́ bo imú kí èémí mi má baà da ojú rẹ̀ rú. Kò sí atọpa kan ní Etí-Yanrìn tí kò mọ ẹsẹ̀ yìí. Ó fẹ̀ bí àtẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ní àmì bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fá a. Ilé adójútòfò kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbẹ́kẹ̀lé, lókè òkun lọ́hùn-ún, ló ni ín. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìtọpa, ògiri ni ẹsẹ̀ náà máa ń kọjú sí, níbi tí wọ́n ya àwòrán iléeṣẹ́ Wínníwínní sí. Ẹsẹ̀ tó bá kọjú sí ògiri ń ra ìpín ìdókòwò Wínníwínní. Èyí tó bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà ń tà á.

Apá irin tó wà lókè àjà, tó máa ń tẹ ẹsẹ̀ ẹni tó bá rà tàbí tó tà sórí yanrìn, sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ yanrìn, ó gòkè. Ẹsẹ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé mìíràn nìyẹn, ẹnu ọ̀nà náà ló tún kọjú sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ àpò ìfẹ̀yìntì kan, lẹ́yìn náà ti báńkì kan, gbogbo wọn ń lọ síta. Mo ti ìka bọ ọ̀kan nínú wọn, nítorí bí ìpín bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ ṣe máa ń jìn. Ìka mi wọlé tán, kò kan ìsàlẹ̀.

"Erin ń jáde," ni mo wí. Erin la máa ń pe àwọn ilé owó ńláńlá wọ̀nyí.

"Rọra," Ọlánipẹ̀kun dáhùn láti òdì kejì yanrìn. Èmi àti òun la jọ ń tọpa láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Wòkè ná."

Mo wòkè. Iná pupa ti tàn lórí ẹnu ọ̀nà. Iná ìdákẹ́ nìyẹn. Bí erin bá ti gba àṣẹ ìdákẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, atọpa kankan kò gbọdọ̀ sọ fún ará ìlú pé ó ń lọ, àfi bó bá jáde tán. Títí dìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ sọ níbi ìkéde ọ̀sán, òun ni "Ilẹ̀ tutù."

Kí ni wọ́n kọ́ Ilé Ìtọpa fún? Ṣebí nítorí pé erin tẹ àwọn bàbá wa pa nígbà kan ni, tí wọ́n ta ìpín tán kí mẹ̀kúnnù tó mọ̀. Wọ́n wá ní kí a máa ṣọ́ wọn. Ní báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ gbà wá síṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń dì wá lẹ́nu. "Ta ló ń di ajá lẹ́nu lọ́jọ́ tí olè wọlé?" mo bi í.

"Ìwọ àti ìbínú ẹ," Ọlánipẹ̀kun ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá ń ta ìbínú lọ́jà ni, ìwọ nìkan ni ò bá ti di erin. Wá wo apá ibí. Ẹsẹ̀ wẹẹrẹ ń wọlé, ó pọ̀ lọ jàra. Mẹ̀kúnnù ló ń rà á. Bí erin bá jáde tí èèrà wọlé, ìpín ò ní já. Sọ pé ilẹ̀ tutù, kí a lọ jẹun ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò ẹ."

Mo yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ kéékèèké kún ibẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ògiri, wọ́n ń ra ohun tí erin ń tà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò wọ́n, nǹkan kan kò bára mu. Ẹni tó bá ń rìn á gbé ọ̀tún, á gbé òsì. Àwọn wọ̀nyí kò gbé nǹkan kan. Méjì méjì ni wọ́n dúró, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, bí ìgbà tí ẹnìkan gbé wọn kalẹ̀ síbẹ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà sì máa ń dá àlàfo sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Tiwọn kò dá àlàfo. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ọlánipẹ̀kun, ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ nìyí."

"Ọmọ ọwọ́ kẹ̀? Ọmọ ọwọ́ ń ra ìpín?"

N kò dá a lóhùn, nítorí apá irin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ méjì mìíràn sí iwájú wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ìka mẹ́fà.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Gbogbo Etí-Yanrìn ló mọ ẹni tó ní ìka mẹ́fà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ Ọlánipẹ̀kun obìnrin ni, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Olúgbódi, orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú tọ̀run wá. Ọmọ náà kò tíì rìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni.

Ọlánipẹ̀kun na ọwọ́ láti pa ẹsẹ̀ náà rẹ́. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ọmọ rẹ kú ni?" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ọwọ́ ìyá nìkan ni yanrìn yìí ń gbọ́, òkú ọmọ nìkan ni wọ́n sì ń parẹ́ fún."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n nù bí ẹni tí iná jó.

Nílùú wa, gbogbo ọmọ tí a bá bí ló ní ẹ̀tọ́ nínú ohun tí Wínníwínní ń san lórí yanrìn tí wọ́n ń wà létíkun, tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn iyọ̀ àti oyin, a máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ sínú àwo yanrìn tútù. Ẹ̀rọ á dá ẹsẹ̀ náà mọ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ á wọ inú Àpò Ìtẹ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bàlágà. Bí ọmọ bá kú, ìyá rẹ̀ á wá sí Ilé Ìtọpa, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹsẹ̀ náà rẹ́, ẹ̀tọ́ á padà sílé. Ìyá mi ti ṣe é rí, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó bí mi. Ìdí nìyẹn tí orúkọ mi fi ń jẹ́ Dúróoríkẹ́.

Àpò Ìtẹ̀sẹ̀ tóbi tó erin. Bó bá ra ìpín lórúkọ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ erin la máa rí, a ó sì béèrè ìdí tó fi ń wọlé nígbà tí gbogbo erin yòókù ń jáde. Ẹni tó ń bójú tó o mọ èyí. Ó fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rà á, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dà bí mẹ̀kúnnù. Ẹni náà ni Akínrìnmádé, àbúrò ìyá mi, ẹni tó rán mi nílé ẹ̀kọ́.

Mo sáré kọjá àgbàlá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ta ni?" ilẹ̀kùn béèrè.

"Dúróoríkẹ́ ni."

"Ẹ káàbọ̀, Dúróoríkẹ́," ilẹ̀kùn dáhùn, ó ti dá ohùn mi mọ̀, ó ṣí.

Bàbá Rìnmádé ti múra fún ìsọmọlórúkọ. Ó jókòó, ó ń gé bọ̀ọ̀lì jẹ díẹ̀díẹ̀ kí epo ẹ̀pà má kán sáṣọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí inú ṣe ń bí mi tó, orúnkún mi kò mọ̀ ọ́n ṣe mìíràn níwájú rẹ̀.

"Dúró mi! Aṣọ iṣẹ́ lo ṣì wọ̀? Àbúrò ẹ ti ń gbé ọmọ bọ̀ o."

"Bàbá, ta ló ń ra ohun tí àwọn erin ń tà?"

"Ẹni tó bá wù ni."

"Mo rí ẹsẹ̀ Olúgbódi."

Ó gbé bọ̀ọ̀lì kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Jókòó," ó ní.

"Mi ò jókòó, Bàbá."

"Ó dáa, dúró síbẹ̀ kí o gbọ́. Wọ́n ti rí ọ̀nà láti ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ láìlo yanrìn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lókè òkun. Àwọn erin ti gbọ́, wọ́n fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ń tà tí kò sẹ́ni tó ń rà, ìpín á já lulẹ̀ lónìí olónìí, Wínníwínní á tilẹ̀kùn. Kí ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa jẹ? Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rà á, kí ọ̀rọ̀ náà lè máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Dúró."

"Ẹ wá ń fi ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ra òkú ẹran."

"Àwọn ọmọ ní àsìkò. Kí wọ́n tó dàgbà, Ọlọ́run á ti ṣe ọ̀nà mìíràn."

"Àwọn ọmọ kò lè bá yín jà, Bàbá! Ìdí tí ẹ fi mú tiwọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti àwọn apẹja lẹ mú, wọ́n á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yín báyìí pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ wọn." Mo sún mọ́ ọn. "Ìpín tiyín ńkọ́? Ìpín yín àti ti ìgbìmọ̀ àgbà, ṣé ó ṣì wà ní Wínníwínní?"

Ó yí ojú sí fèrèsé. Níta, wọ́n ń to àga sábẹ́ Òpó Ìkéde tó máa ń gbé ohùn atọpa kiri ìlú, ẹnìkan sì ń gbọn eruku kúrò lára ẹní.

"Àwọn erin ní kí a máa bá ẹ̀yìn wọn jáde," ó sọ jẹ́jẹ́, "bí a bá lè bá wọn wá ẹni tó máa rà."

Mo rò pé mo ti bínú tẹ́lẹ̀. N kò tíì bínú. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi pé kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Òun ló máa ń wá sílé ẹ̀kọ́ wa wá bá olùkọ́ jà bí wọ́n bá nà mí láìṣẹ̀.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," mo wí. "Ẹ̀yin wà lọ́jà o. Ẹ sì rí orí ọmọ tuntun, ẹ tà á."

"Ṣọ́ ẹnu ẹ." Kò pariwo. "Iná ìdákẹ́ ti tàn. Bí o bá sọ ohun tí o rí, wọ́n á gba ohùn ẹ. Ilẹ̀kùn kankan ò ní mọ̀ ọ́ mọ́. Ọkọ̀ ò ní gbé ọ. Dókítà á béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á ní òun ò mọ̀ ọ́n. O máa wà láàárín wa bí ẹni tí kò sí. Ṣé ohun tí mo rán ọ nílé ẹ̀kọ́ fún nìyẹn? Lọ sọ pé ilẹ̀ tutù, kí a sọ ọmọ lórúkọ, kí a jẹun."

Mo jáde. Ilẹ̀kùn kí mi pé ó dàbọ̀.

Nílùú wa, ìgbà ìkéde ọ̀sán ni a máa ń sọmọ lórúkọ, kí orúkọ ọmọ lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rere. Gbogbo ayé ti pé sábẹ́ Òpó. Ìyùnadé àbúrò mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyá wa jókòó tì í, àwo yanrìn tútù wà níwájú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ Wínníwínní dúró lẹ́yìn nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì jókòó sórí ẹní. Bàbá Rìnmádé mú àga iwájú. Lórí pátákó ńlá tó wà lára Ilé Ìtọpa, tó ń fi ojú yanrìn han ìlú, ẹsẹ̀ wẹẹrẹ ń wọlé ṣáá, àwọn ènìyàn ń nàka sí i, wọ́n ń yọ̀. Ìdákẹ́ ti mú kí ẹsẹ̀ erin pòórá lójú pátákó.

Mo gun orí Òpó. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo ronú kan ilẹ̀kùn ilé wa. Mo ronú kan ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, tó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo sùn dáadáa. Mo wolẹ̀, mo rí Ìyùnadé tó ń tú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ, ẹsẹ̀ náà pupa, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Bí wọ́n bá fi lè tẹ̀ ẹ́ sínú àwo yẹn, kí ọmọ náà tó sunkún tán, á ti ra ìpín lọ́wọ́ Ìgbẹ́kẹ̀lé. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.

"Erin ń jáde," mo wí.

Òpó gba ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e kiri ìlú, nítorí ó wà lára ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ọ. Mo tún la ẹnu. "Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń fi—"

Òpó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó fọhùn fúnra rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń ṣe:

"A kò mọ ohùn yìí."

Ariwo sọ nílẹ̀. Àwọn kan ti dìde láti lọ ta ìpín wọn. Bàbá Rìnmádé gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ wo pátákó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí erin ń sá kúrò níbẹ̀ ṣe máa ń rí? Mẹ̀kúnnù ń wọlé!"

Wọ́n wo pátákó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Mo ń pariwo láti orí Òpó, ṣùgbọ́n ọ̀fun lásán kò lè borí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ohùn tí ẹ̀rọ kò gbé.

Ìgbà náà ni Ọlánipẹ̀kun jáde láti Ilé Ìtọpa. Ó ti fi ọkọ́ pẹlẹbẹ gé yanrìn díẹ̀, ó gbé e sórí àtẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wà lójú rẹ̀. Ó rìn jẹ́jẹ́ kọjá láàárín àga, ó gbé àtẹ kalẹ̀ lórí tábìlì iyọ̀ àti oyin. Ó lọ gba Olúgbódi lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó di ọmọ náà mú lábẹ́ apá, ó rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lé ojú yanrìn. Ìka mẹ́fà wọ ihò mẹ́fà.

Àwọn tó wà níwájú rí i, wọ́n sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìyá Olúgbódi figbe ta.

"Ọmọ mi kò tíì rìn! Ta ló rán ọmọ mi lọ́jà?"

"Bàbá Rìnmádé," mo kígbe láti orí Òpó, wọ́n sì gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, "ó ń fi ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ yín ra ohun tí erin ń sá fún. Tirẹ̀ àti ti àwọn àgbà, wọ́n ti ń tà á!"

Wọ́n yí ká àbúrò ìyá mi. Kò sá. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ó kù ojú ẹni tó ti rẹ̀.

"Ẹ lù mí bí ẹ bá fẹ́," ó ní. "Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tí ẹsẹ̀ bá ti rà, ó ti rà á nìyẹn. Òfin ni. Òkú nìkan ni kì í nájà."

Ìyá mi dìde nílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Rìnmádé, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́," ó ní. "Òkú nìkan, àbí?"

Kò dúró gba èsì. Ó di ìyá Olúgbódi lọ́wọ́ mú, ó fà á wọ Ilé Ìtọpa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn, Ọlánipẹ̀kun sì gbé ọmọ rẹ̀ àti àtẹ náà wọlé, ó dá yanrìn tó gé padà sáyè rẹ̀. Iná pupa ṣì ń tàn. Apá irin ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti bo yanrìn débi pé kò síbi tí a lè dúró sí. Àwọn ìyá tó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti ọmọ wọn, wọ́n sì ń rí i. Ẹni tó bá ti fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ láràárọ̀ kò lè ṣì í mọ̀.

"Pa á rẹ́," ìyá mi sọ fún ìyá Olúgbódi.

"Háà, Màmá! Ọmọ mi wà láàyè. Ṣé kí n fọwọ́ ara mi pe ikú wá bá a ni?" Ó ń sunkún. "Èèwọ̀ ni. Bí mo bá pa á rẹ́, gbogbo ẹ̀rọ á máa pè é lókùú. Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Ó máa nira fún un." Ìyá mi kúnlẹ̀ tì í. "Ibi tí o kúnlẹ̀ sí yìí ni mo kúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe orúkọ wọn bí mo ṣe ń pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ohun tó ń jẹ́ ikú nìyẹn. Yanrìn kọ́. Gbé ọmọ rẹ síwájú rẹ. Bí o bá ti ń pa á rẹ́, máa pè é, kí ó máa dá ọ lóhùn."

Ìyá Olúgbódi gbé ọmọ sórí itan. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé yanrìn.

"Olúgbódi."

Ọmọ náà wòkè, ó ní, "Ẹn."

"Olúgbódi mi."

"Ẹn!"

Ìka mẹ́fà náà parẹ́. Ohùn tútù kan fọ̀ láti òkè àjà: "Ọmọ ti lọ. Ẹ kú àmúmọ́ra." Olúgbódi gbọ́ ohùn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí apá irin.

Apá irin sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ẹsẹ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé ló lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbá ẹsẹ̀ kan tó kọjú síta tẹ́jú, ó sì tún un tẹ̀. Ògiri ló kọjú sí. Òkú kì í nájà, nítorí náà, ohun tí òkú rà ti padà sọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Àwọn ìyá rí i. Wọ́n kúnlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, orúkọ ti gba gbogbo ilé kan, wọ́n ń pe Jọmilójú, wọ́n ń pe Àbẹ̀ní, wọ́n ń pe Oyèfẹ̀sọ̀bí, àwọn ọmọ ń dáhùn, àwọn mìíràn ń sunkún, ẹ̀rọ sì ń kí wa kú àmúmọ́ra láìdákẹ́. Ojú gbogbo wa kún fún omi. Mo rí ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, tó di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà tó sì jáde lọ láìpa nǹkan kan rẹ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù pa á rẹ́. Erin ń padà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí tí kò fi sí ẹsẹ̀ wẹẹrẹ tó pọ̀ mọ́ lórí yanrìn. Ẹsẹ̀ erin ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ògiri, wọn kò rí ẹni tó máa ra ẹrù lórí wọn.

Láàárín wọn ni ẹsẹ̀ ọkùnrin àgbà kan padà sí, èyí tí àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́. Bàbá Rìnmádé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Iná pupa kú. Ọlánipẹ̀kun lọ sórí Òpó, nítorí Òpó ṣì mọ ohùn tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń kéde pé erin ń wọlé, bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní ayọ̀ kankan. Ìpín ti ń já. Kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó dé, Wínníwínní á tilẹ̀kùn, àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ti ń wò mí láburú. Àbúrò ìyá mi kò parọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ti padà sílé wọn, àwọn erin sì wà nínú ilé pẹ̀lú wa láti jìyà tiwọn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sílé, ọkọ̀ kò dúró fún mi. Oòrùn ṣì mú.

"Ta ni?" ilẹ̀kùn ilé wa béèrè.

"Dúróoríkẹ́ ni."

"A kò mọ ohùn yìí."

Mo tún un sọ, bí ẹni pé mo purọ́ lẹ́ẹ̀kíní. Ó tún dá mi lóhùn bákan náà. Mo dúró síbẹ̀, ìtìjú mú mi, inú sì ń bí mi sí pákó lásán. Lẹ́yìn náà, mo ká ọwọ́ kò, mo gbá ilẹ̀kùn náà. Kò sẹ́ni tó ti ń kan ilẹ̀kùn ní Etí-Yanrìn láti ìgbà èwe mi.

"Kí ló ń dún yẹn?" Ìyùnadé béèrè nínú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń kanlẹ̀kùn," ìyá mi dáhùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn, ó ṣí, ó sì gbá mi mú lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa ọmọdé wọlé nínú òjò.

Iyọ̀ àti oyin ṣì wà lórí àwo kékeré, wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti da yanrìn tútù nù sẹ́yìn ilé. Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ń dúró dè mí.

"Wá pè é," Ìyùnadé ní, ó sì gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pè é."

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ mú wá ni Mákanjúọlá. Mo tẹ̀ mọ́ ọn létí, mo pè é, ohùn mi há díẹ̀ nítorí igbe tí mo ti ké. Ọmọ náà la ojú, ó sì yí orí síbi tí ohùn mi ti wá.